Orí Tí Wọ́n Fi Ń Ru Sìmẹ́ńtì

Kí ẹnikẹ́ni má tan yín jẹ pé òun náà wà níbẹ̀. Irọ́ ni. Gbogbo Odoakpu, àdúgbò wa ní Onitsha, ló ń pariwo kiri lónìí pé ojú àwọn ló ṣe, títí kan àwọn tó sùn sí Asaba lọ́jọ́ náà, títí kan ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ò tíì lóyún rẹ̀ nígbà yẹn. Èmi nìkan ni mo rí i, láti ìgbà tí oòrùn ti yọjú títí tó fi wọ inú odò Ọya lọ, ojú mi ò sì ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ẹ bá ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, ẹ dà á nù bí omi ìṣanwọ́, kí ẹ fara balẹ̀.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Owó epo ń ya nígbà náà bí ẹ̀rọ omi tó bẹ́. Onitsha tí ogun ti fọ́ bí ìkòkò ń dìde padà tìbínú-tìbínú. Ibi tí èèyàn bá tutọ́ sí láàárọ̀, kó tó dalẹ́ ilé alájà mẹ́ta ti hù níbẹ̀. Ìjọba kó sìmẹ́ńtì àti páànù wá sí ilé-ìwé àdúgbò, wọ́n ní kí wọ́n fi kọ́ kíláàsì tuntun, torí àwọn ọmọ ti há mọ́ra wọn débi pé bí ọ̀kan bá sín nínú kíláàsì kan, ọmọ kíláàsì kẹta ló ń nu imú. Kíláàsì ò hù. Àmọ́ lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé yẹn gan-an, ilé Ogbuefi Obidigbo, olóyè tó jẹ́ alága kọmití ilé-ìwé, ń ga lójoojúmọ́ bí ọmọ tí wọ́n ń fún ní ẹyin jẹ. Gbogbo èèyàn rí i. Gbogbo èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á gbójú sókè wo páànù tuntun, wọ́n á gbójú wálẹ̀.

Sẹ̀gilọlá ò ro ti kọmití kankan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Irun ló ń dì. Ìyàwó Jímọ̀ télọ̀ ni, iwájú ilé tí wọ́n háyà yàrá méjì sí ló ti ń dirun, kò sì sí obìnrin ní Odoakpu, ẹ̀ báà jẹ́ Igbo, ẹ̀ báà jẹ́ Yorùbá, tí orí rẹ̀ ò tíì gba àárín orúnkún Sẹ̀gilọlá kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé bó bá ń kó irun, atẹ́gùn á máa fẹ́ láti ìka rẹ̀, ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ á da aṣọ borí. Mama Ifeoma, aládùúgbò wọn tó ń ta ẹja gbígbẹ, ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti kó ìdajì orí rẹ̀ sókè bí ìwo, ìdajì kejì ṣì dà sílẹ̀ bíi ti ẹni tó sá kúrò nílé ìwòsàn, nígbà tí Bùnmi ọmọ Sẹ̀gilọlá wọlé.

Wọn ò tíì lu aago ìsinmi ilé-ìwé. Bùnmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kì í wọlé kí ohùn rẹ̀ má ṣáájú rẹ̀ dé, àmọ́ lọ́jọ́ náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi gèlè kékeré kan wé orí, ó fara ti ògiri, ọrùn rẹ̀ gan bí ẹni tí ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ bi í ní Yorùbá, ó dákẹ́. Mama Ifeoma bi í ní Igbo, ẹnu rẹ̀ bá ṣí, torí pé Igbo ló rọ ọmọ yẹn lọ́rùn láti fi sunkún. Ó ní wọ́n kó àwọn jáde fún iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni hẹ́dímásítà ń pè é, ṣùgbọ́n orí ni wọ́n fi ń ṣe é: kí àwọn ọmọ máa ru iyanrìn àti sìmẹ́ńtì láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé lọ bá àwọn bíríkìlà Ogbuefi. Bàsíà tí wọ́n gbé ru Bùnmi ti lu nídìí. Sìmẹ́ńtì ń jò sí i lórí, òógùn ń pò ó. Ó sọ fún tíṣà pé ó ń ta òun. Tíṣà ní ọmọ tó bá sọ ẹrù kalẹ̀ máa tún kíláàsì kà.

Sẹ̀gilọlá tú gèlè náà.

Ọjọ́ Àìkú ló kó irun yẹn fún ọmọ rẹ̀, ó fi òwú dúdú wé e, ó ń dán gbinrin. Ohun tó bá lórí ọmọ wàyí kì í ṣe irun mọ́, pèpéle ni. Sìmẹ́ńtì àti òógùn ti dì mọ́ agbárí ọmọ. Èèyàn lè gbé ilé alájà méjì ka orí yẹn kó má mì. Ó da omi sí i, ó dà á, ó dà á, kẹ́ẹ̀gì tán, wọ́n tún lọ pọn òmíràn. Nígbà tó fẹ́ tú òwú àkọ́kọ́, òwú ò tú. Irun ló bá òwú wá, awọ fẹ́lẹ́ sì bá irun wá. Abẹ́ rẹ̀ pọ́n bí inú ẹnu.

Mama Ifeoma fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ndo, nne. Ndo." Pẹ̀lẹ́, ìyá mi, ló ń sọ. Ó dìde pẹ̀lú ìdajì orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ bu àdí wá nínú yàrá rẹ̀, òun ló sì ń fi pa orí ọmọ nígbà tí Sẹ̀gilọlá ṣa irun tó já, tòwú-tòwú, ó gbé e wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀.

Jímọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ tuntun ló kún inú yàrá náà, búlúù láti ilẹ̀ dé àjà. Tọkọtaya yẹn ń sùn sáàárín aṣọ bí èkúté tó wọ àpò ìrẹsì, ẹni tó bá fẹ́ yí padà láàárín òru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ogbuefi ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Láti ọjọ́ tí Jímọ̀ ti ń rán aṣọ ní Onitsha, irú rẹ̀ ò tíì wọlé fún un rí, ó sì ti ń ṣe fáàrí lójú pópó bí ẹni tó ń rán aṣọ fún gbogbo sójà Nàìjíríà.

Sẹ̀gilọlá gbé irun náà lé orí ẹ̀rọ, láàárín aṣọ búlúù. Ẹsẹ̀ Jímọ̀ dúró.

Ìjà tó tẹ̀ lé e, mi ò lè sọ gbogbo rẹ̀ tán, torí pé bí mo bá ní kí n máa sọ ọ́, ọdún mìíràn á wọlé bá wa níbí. Sẹ̀gilọlá rán an létí pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ìpàdé àwọn òbí, ọjọ́ tí wọ́n máa yan kọmití tuntun. Ìjókòó kan wà níbẹ̀ fún àwa tí a kì í ṣe ọmọ ìlú. Láti ìgbà tí ogun ti parí, Bàbá Àyúbà ni Yorùbá ń fi síbẹ̀, torí pé òun ló dàgbà jù. Kí ni Bàbá Àyúbà ń ṣe níbẹ̀? Ó ń sùn. Bí wọ́n bá jí i, á ní bẹ́ẹ̀ ni, á tún sùn. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí bàbá ń sọ nínú oorun yẹn ni sìmẹ́ńtì fi di ti Ogbuefi. Sẹ̀gilọlá ní kí Jímọ̀ jáde lọ́jọ́ náà, kó ní òun fẹ́ ìjókòó yẹn.

Jímọ̀ ní ta ló ń bá Bàbá Àyúbà du nǹkan? Ó ní bàbá náà ni àwọn jọ ń kírun, òun ni wọ́n ń kí kí wọ́n tó kí ẹlòmíì, àgbà ni yóò wà níbẹ̀, ikú ló sì máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ka sí aṣọ tó yí wọn ká. Ó ní ṣé ẹni tó kó gbogbo eléyìí fún àwọn ni kí òun lọ gbéjà kò?

"Bàbá Bùnmi," Sẹ̀gilọlá ní, "ṣé aṣọ ilé-ìwé lẹ ń rán fún ọmọ yìí, àbí aṣọ òkú?"

"Má fẹnu pe ohun tí kò sí."

"Orí rẹ̀ wà níta. Ẹ lọ wò ó, kí ẹ wá sọ pé kò sí."

Jímọ̀ ò lọ. Ó ń fọwọ́ tẹ́ aṣọ tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀. Ni Sẹ̀gilọlá bá ní kò burú, òun á jáde fúnra òun. Jímọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé eyín. Ó bi í pé ṣé kò ní ọkọ nílé ni. Ìjà náà ti jáde dé kọ́rídọ̀. Gbogbo àwọn tó ń fọ aṣọ ti dáwọ́ dúró, àwọn tó ń gúnyán gbé ọmọ odó sókè wọn ò sọ ọ́ kalẹ̀, aláǹgbá tó wà lára ògiri gbé itọ́ mì, gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ìyá kan ní yàrá ìkángun ní ẹnu obìnrin ló ń tú ilé. Ẹlòmíì dá a lóhùn pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà tiwọn lórí ìyẹn, bí kì í bá ṣe òórùn tó kọlu imú gbogbo wọn.

Ẹ̀wà ti jóná lórí sítóòfù.

Sẹ̀gilọlá bù ú bẹ́ẹ̀, dúdú, èéfín ṣì ń yọ lára rẹ̀, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù. Jímọ̀ jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán pátá, ó mumi, kò sọ pé ó korò. Gbogbo ilé ló gbọ́ ohun tí kò sọ.

Lọ́sàn-án, Oyèwọlé tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì dé láti wá jẹun. Yàrá tó kọjú sí ti Jímọ̀ ni tirẹ̀, àwọn báńkì ló gbé e wá láti Ìbàdàn. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin yìí funfun débi pé ewúrẹ́ ń fi ojú pa mọ́ fún un. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kì í jókòó síta sọ bí ayé ti bàjẹ́ ní Onitsha, bí wọ́n ṣe ń jí owó ọmọdé jẹ, bí èèyàn gidi ò ṣe sí nínú kọmití. Ó rí orí Bùnmi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó gbé gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ tó ìwé ìròyìn méjì sílẹ̀. Ìkà ni wọ́n, ó ní. Ẹranko ni wọ́n. Ó yẹ kí èèyàn kan dìde.

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ fún un. Ó ní kó jọ̀ọ́, òun tó kàwé, òun tí ọmọ rẹ̀ náà wà nílé-ìwé yẹn, kó jáde nírọ̀lẹ́, obìnrin ilé yìí á wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, ikọ́ mú Oyèwọlé. Ikọ́ tí kò sí lára rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí ikọ́ lọ, ó ní báńkì ò gbà kí òṣìṣẹ́ wọn dá sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n lè gbé òun lọ sí ìlú mìíràn nígbàkígbà. Ó ní ọmọ òun kì í tiẹ̀ ru sìmẹ́ńtì, torí òun ti bá hẹ́dímásítà sọ̀rọ̀. Bó ṣe sọ èyí tó gbẹ̀yìn yìí tán, ó wo ilẹ̀, ó ní ọbẹ̀ òun ń tutù.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Kì í ṣe pé èèyàn gidi ò sí ní Odoakpu. Wọ́n kún fọ́fọ́. Gbogbo wọn wà nílé, wọ́n ń mí ìmí ẹ̀dùn, ìmí ẹ̀dùn wọn pọ̀ débi pé ọkọ̀ ojú omi lè fi ta ìgbòkun láti èbúté Onitsha dé Lọ́kọ́ja. Ìjókòó tí ẹni tó mọ ìtìjú bá sá fún, ta lẹ rò pé ó ń jókòó síbẹ̀?

Sẹ̀gilọlá dìde nílẹ̀. Ó wẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá tó dára, ó gba ilé Bàbá Àyúbà lọ. Bó ṣe yẹ kó ṣe é nìyẹn; èèyàn kì í jáde ní gbangba sí ohun tó wà lọ́wọ́ àgbà láìkọ́kọ́ lọ sọ fún un nílé. Àìṣát ìyàwó bàbá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bàbá ń sùn. Sẹ̀gilọlá dúró síbẹ̀ díẹ̀. Láti inú ilé, ó ń gbọ́ bí bàbá tó ń sùn ṣe ń fọ́ egungun ẹran lẹ́nu, pọ̀kọ̀, pọ̀kọ̀. Àìṣát ò wo ojú rẹ̀. Sẹ̀gilọlá ní kó bá òun kí bàbá bí wọ́n bá jí, ó ní òun á tún fúnra òun kí wọn ní ìpàdé. Ó lọ.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, pápá ilé-ìwé kún. Èèyàn pọ̀ débi pé ilẹ̀ rì sísàlẹ̀. Àga mélòó kan ló wà níwájú. Ogbuefi jókòó lórí èyí tó tóbi jù. Ikùn rẹ̀ ti jókòó tipẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ìyàwó ń retí. Bàbá Àyúbà wà lápá òsì, ó fọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá, Àìṣát dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. Òkè orí gbogbo wọn ni ilé Ogbuefi ti ń tàn nínú oòrùn, ẹni tó bá fẹ́ wo ojú alága gbọ́dọ̀ wo ilé alága.

Bí wọ́n ṣe ń yàn án ni pé ẹni tó bá fẹ́ máa jáde síwájú, àwọn tó fẹ́ ẹ máa tò sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n yan ti àwọn ọmọ ìlú tán kíákíá, àwọn kan náà ni, ojú kan náà, ìpàtẹ́wọ́ kan náà. Ó kan ti àwa àlejò. Ogbuefi ní Papa Àyúbà ti wà níbẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀, ṣé ẹlòmíì tún wà? Bó ṣe ń béèrè, ó ti ń ṣí ìwé sójú ewé tó kàn.

Sẹ̀gilọlá jáde.

Ariwo sọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó dé iwájú, ó bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Àyúbà, ó sì ṣe ohun tí ìyá tó bí i kọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

Ogbuefi gbé ọwọ́ sókè kó tó sọ ọ́ tán. "Una see am?" ó ní. "She don kneel down. She don beg Papa. E don finish." Ó tún un sọ ní Igbo, kí ó lè dé ẹ̀yìn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí Igbo tó wà níbẹ̀, èmi ò dá wọn lẹ́bi. Lọ́dọ̀ tiwọn, obìnrin tó ti bímọ kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Bó bá kúnlẹ̀ láwùjọ, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, ó ti juwọ́ sílẹ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n Ogbuefi? Ọkùnrin tó ta bàtà ní Gbági ní Ìbàdàn kí ogun tó dé, tó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Bẹẹrẹ, tí ìyá tí wọ́n jọ ń gbélé níbẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀? Ó mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n ju àwọn ọmọ wa tí a bí sí Onitsha lọ. Ó jókòó níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀kọ́ ilé obìnrin yẹn dè é lókùn níwájú gbogbo ayé, ọ̀dọ́mọkùnrin ọ́fíìsì sì ti ń ṣí gègé.

Sẹ̀gilọlá ṣì wà lórí eékún. Ó gbójú sókè sí Bàbá Àyúbà. Gbólóhùn kan péré ni bàbá ní láti sọ. Pé, "Ó kí mi ni."

"Bàbá," ó ní, "ẹ sọ fún wọn."

Bàbá ń wo orí ọ̀pá rẹ̀.

"Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà…"

Kò parí rẹ̀. Kò sí Yorùbá kan lórí pápá yẹn tí kò mọ ìyókù, tí kò sì mọ orí ọmọ tó wọ́. Wọ́n ń retí kí bàbá fúnra rẹ̀ bá a parí rẹ̀. Bàbá fọwọ́ nu ọ̀pá níbi tí kò sí eruku. Oyèwọlé tí òun náà wá, tó dúró lẹ́bàá géètì, ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Ni Jímọ̀ bá la àárín èrò kọjá.

Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó dé. Okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó wá fa ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ni, àwọn kan tiẹ̀ ti ń ní kó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Jímọ̀ ò fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀. Ó dé iwájú Bàbá Àyúbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀, eruku sọ débi pé wọ́n sín ní àdúgbò Awada lọ́hùn-ún. "Ẹ kú ìjókòó, bàbá." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó di ìyàwó rẹ̀ mú lápá, ó gbé e dìde, ó sì lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó wá kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin ọ́fíìsì.

"Oga, na so we dey greet," ó ní. "I don greet Papa finish. Na my wife I follow."

Yúnúsà tó ń tún bàtà ṣe ló kọ́kọ́ rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ kú ìjókòó bàbá, ó lọ dúró sẹ́yìn Jímọ̀. Ọmọlará tó ń din àkàrà kúnlẹ̀, ó kí bàbá, ó kí ìyàwó bàbá, ó béèrè ara bàbá, ó lọ tò sí i. Ni gbogbo Yorùbá Odoakpu bá ń bọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dìde, wọ́n ń tò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé ayé, wọn ò tíì kí àgbà kan bẹ́ẹ̀ rí; ọba kan ò rí irú rẹ̀ gbà. Mama Ifeoma náà jáde pẹ̀lú irun orí rẹ̀ tí wọn ò tíì kó tán. Ó fi eékún kan kúnlẹ̀, ìdí rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní "Ẹ kú jókòó, baba," ó lọ dúró sórí ìlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọ́fíìsì ní kì í ṣe àlejò, àwọn ò lè kà á. Ó ní kó má ka òun nígbà náà, ẹsẹ̀ òun kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tó wu òun lòun máa dúró sí.

Oyèwọlé pẹ̀lú wá. Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, kí ṣẹ́ẹ̀tì má bàa dọ̀tí. Lẹ́yìn náà ó rìn padà lọ sí ẹ̀bá géètì tó ti wà tẹ́lẹ̀. Kò tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kù tí yóò kí, Àìṣát nìkan ló wà lẹ́yìn Bàbá Àyúbà, òun náà ń fi ẹsẹ̀ kan fa ilẹ̀. Bàbá wo ìlà gígùn yẹn. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ ti kí mi tó."

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọ́fíìsì kọ orúkọ Sẹ̀gilọlá sílẹ̀. Ogbuefi ò pariwo, àwọn bẹ́ẹ̀ kì í pariwo. Ó yí sí Jímọ̀, ó gbé Yorùbá Ìbàdàn tó jíire kalẹ̀, ohùn dídùn bí oyin, ó ní, "Télọ̀, màá rán wọn wá kó aṣọ mi láàárọ̀ ọ̀la."

"Mo ti ká a kalẹ̀, sà," Jímọ̀ dá a lóhùn. "Kí n tó kúrò nílé ni mo ti ká a."

Sẹ̀gilọlá yíjú wo ọkọ rẹ̀. Ó bá a nu eruku tó kù lágbọ̀n rẹ̀.

Ogbuefi wá nawọ́ sí Sẹ̀gilọlá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní káàbọ̀, Madam, ilé òun ni kọmití ti ń ṣe ìpàdé ní ọjọ́ Ẹtì, ohun mímu á wà, ẹran á wà, kó má pẹ́. Sẹ̀gilọlá kí i tìyẹ́sí-tìyẹ́sí. Ó ní kì í ṣe nílé Ogbuefi.

"Inú kíláàsì tuntun ni ká ti ṣe é, sà," ó ní. "Èyí tí ìjọba kó sìmẹ́ńtì rẹ̀ wá. Ẹ fi ọ̀nà rẹ̀ hàn mí, kí n má bàa ṣìnà lọ́jọ́ Ẹtì."

Gbogbo pápá yíjú sí ibi tó yẹ kí kíláàsì náà wà. Koríko ló wà níbẹ̀, ó ga dé orúnkún, ewúrẹ́ méjì ń jẹ ẹ́. Ogbuefi ṣì na ọwọ́ rẹ̀ síta, kò mọ ibi tó máa fi tọ́ka sí.

Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ilẹ̀ tún fi mọ́. Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ ò rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún yín jù mí lọ, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ gbà mí gbọ́, gbogbo rẹ̀ pátá, kódà ti ewúrẹ́.